Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Àwọn Asín Ayé Àtijọ́ àti Ohun Tó Gbé Wọn Lọ

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa asín, ẹran wẹ́wẹ́ onímú ṣóńṣó tí òórùn rẹ̀ máa ń sọ fún onílé pé ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lóru. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé wa kò gbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bèèrè ni ti àwọn asín tó ti kú àkúrun: ibi tí wọ́n ti wá, bí wọ́n ṣe rí, àti ohun tó pa wọ́n. A ṣa mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì dáhùn wọn bí àyè ti gbà wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sọ ní kíláàsì pé òun kà á pé asín ni ìyá ńlá gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti pé asín ti wà láyé láti ìgbà àwọn dáínósọ̀. N kò mọ èsì tí mo lè fún un. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé eku tilẹ̀ ni asín ni?

ÈSÌ: Olùkọ́ wa, ẹ bá wa kí akẹ́kọ̀ọ́ yín, nítorí pé ohun tó kà sún mọ́ òótọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ gan-an. Àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú àkọ́kọ́ jọ asín ní ìrísí. Wọ́n kéré, imú wọn gùn, kòkòrò ni wọ́n ń jẹ, ó sì dà bíi pé òru ni wọ́n ń jáde kí àwọn ẹran ńlá má bàa rí wọn mú. Ọ̀kan nínú wọn ni Megazostrodon, tí wọ́n rí egungun rẹ̀ nínú òkúta ní orílẹ̀-èdè Lẹ̀sótò ní gúúsù Áfíríkà ní 1966. Ẹran náà kò gùn ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ, ó sì ti wà láyé ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn dáínósọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ilẹ̀. “Ẹranko bí asín” ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń pe irú rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ìkánjú kàwé yóò fo “bí” yẹn, yóò wá sọ pé asín ni.

Asín gidi kò tíì sí nígbà yẹn. Àwọn dáínósọ̀ ńlá ti pa rẹ́ ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sì tún kọjá kí egungun tí a lè pè ní ti asín, tàbí ti ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú òkúta. Nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ọdún ni ọjọ́ orí àwọn tó ti pẹ́ jù. Domnina wà lára wọn, ará Amẹ́ríkà ti Àríwá, tí Edward Drinker Cope sọ ní orúkọ yẹn ní 1873. Àwọn onímọ̀ kan ka Domnina mọ́ asín, àwọn mìíràn fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìdílé tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdílé asín. Bó ti wù kí ó jẹ́, kò sí ẹyọ kan nínú ìdílé yẹn tó ṣẹ́kù láyé lónìí, nígbà tí ẹ̀yà asín tó wà láàyè lé ní 400.

Ti pé bóyá eku ni: rárá o. Eku ní eyín iwájú tí kì í yéé hù, èyí tó fi ń họ igi àti èkùrọ́. Ti asín kì í hù padà, kì í sì í fi họ nǹkan. Bí ẹ̀mú ló ṣe ń lò ó láti fi mú kòkòrò, ekòló àti ìgbín wẹ́wẹ́. Àwọn ìbátan asín gangan ni ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré tí òyìnbó ń pè ní hedgehog, àti mole tó ń walẹ̀ kiri ní Yúróòpù àti Éṣíà. Àwa la kó asín mọ́ eku nítorí ìrù àti irun; eku fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ní ará ilé.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé egungun tí kò tó èékánná ọmọdé jẹ́ ti asín tó kú ní mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn? Ẹ má ṣe bínú, ó ń ṣe mí bíi pé àbá lásán ni wọ́n ń dá. Èmi ni òǹkàwé yín ní Abẹ́òkúta.

ÈSÌ: A kò bínú rárá. Eyín àti egungun àgbọ̀n ló ń sọ ọ́. Nínú gbogbo ara asín, eyín ló le jù, òun náà ló sì máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ìyókù bá ti jẹrà. Eyín asín kì í sì í ṣe irú eyín tí a lè ṣì mú fún ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ asín ilẹ̀ òtútù ní eyín tí ṣóńṣó rẹ̀ pupa, nítorí pé irin wà nínú ara òde eyín náà tó ń mú kí ó le, kí ó má tètè jẹ tán. Àwọ̀ pupa yẹn máa ń wà lára eyín tó ti wà nínú ilẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún. Àwọn asín Áfíríkà ní tiwọn, títí kan àwọn tó ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, eyín funfun ni wọ́n ní.

Àmì kejì wà níbi tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti so mọ́ agbárí. Ojú kan ṣoṣo ni oríkèé tiwa ní. Ti asín ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ó lè lo ṣóńṣó eyín iwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé àgbọ̀n náà yẹ̀. Ẹni tó bá rí àgbọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú erùpẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti dá àbá.

Òwìwí ló yẹ kí àwọn onímọ̀ yìí máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń gbé asín mì lódindi, kò sì pẹ́ tí yóò fi pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣù kan tó ti gbẹ. Bí òwìwí bá ń sùn sínú ihò àpáta kan láti ìran dé ìran, egungun wẹ́wẹ́ yóò di ìpele lórí ìpele nílẹ̀ ibẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń to ìwé jọ. Àwọn onímọ̀ yóò kó erùpẹ̀ náà, wọn yóò fi omi fọ̀ ọ́ nínú asẹ́ olójú wẹ́wẹ́, wọn yóò sì jókòó ti awò tó ń sọ kékeré di ńlá láti ṣa eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ilé ti ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, àfi pé ohun tí ìyá ilé ń dà nù ni àwọn ń wá.

Ẹ wo Batodonoides vanhouteni tí wọ́n rí ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, ẹran tó gbé ayé ní nǹkan bí 53 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí àpèjúwe rẹ̀ jáde ní 1998. Láti inú bí eyín rẹ̀ ṣe tóbi tó, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí odindi ara rẹ̀ má wọ̀n ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Asín tó fúyẹ́ jù lọ láyé ìsinsìnyí ń wọn nǹkan bí 1.8 gíráàmù. Batodonoides kì í ṣe asín, ìbátan jíjìn ni. Mo kàn mẹ́nu kàn án kí ẹ lè rí bí ohun tí wọ́n ń wá nínú erùpẹ̀ ti kéré tó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Òṣogbo ni mo wà. Ó yé mi pé ẹran ńlá lè run, nítorí pé kò rí ibi sá sí, àwọn ọdẹ sì ń rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó kéré tó asín, tó lè wọ inú ihò èyíkéyìí, kí ló tún wá pa á run? Ta ló dọdẹ rẹ̀?

ÈSÌ: Bàbá wa, ẹ ṣé gan-an. Ibi tí ẹ fojú sí ni ọ̀rọ̀ wà. Kíkéré ló ń gba asín lọ́wọ́ ọdẹ, kíkéré yẹn náà ló sì fi í lé ebi lọ́wọ́. Ara tó kéré kì í lè pa ooru mọ́, nítorí náà asín ní láti máa dáná sínú ara rẹ̀ láìdúró. Ọkàn rẹ̀ ń lù ju ìgbà 800 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ sì ń jẹ oúnjẹ tó wúwo tó ara wọn lójoojúmọ́. Bí wákàtí mélòó kan bá kọjá láìjẹun, asín lè kú. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Asín ń sáré ọ̀sán, ó ń sáré òru, ikùn ló ń lé e. Ọdún kan tàbí méjì péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò láyé. Ní ilẹ̀ Pólàǹdì, August Dehnel kọ ọ́ ní 1949 pé agbárí asín ibẹ̀ máa ń sún kì bí òtútù bá ń bọ̀, ó sì máa ń tóbi padà nígbà tí ilẹ̀ bá tún móoru, kí orí àti ọpọlọ má bàa gba oúnjẹ púpọ̀ lásìkò ọ̀wọ́n. Ẹran tó ń dín orí ara rẹ̀ kù nítorí oúnjẹ kò jìnnà sí ikú nígbà kankan.

Ẹ wá wo àwọn tó run. Ní abúlé Beremend ní ilẹ̀ Hungary, ọ̀gbẹ́ni Salamon János Petényi rí egungun asín kan tó tóbi ju gbogbo asín tó mọ̀ lọ. Ọdún 1864, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni àpèjúwe náà jáde. Beremendia fissidens ni à ń pè é lónìí. Ó gbilẹ̀ ní Yúróòpù fún ohun tó ju mílíọ̀nù ọdún méjì lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dé Ṣáínà. Ní 2007, Gloria Cuenca-Bescós àti Juan Rofes tún eyín rẹ̀ wò, wọ́n sì rí kòtò tóóró kan tó gba inú eyín iwájú ìsàlẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n sọ pé itọ́ olóró ń gbà wọ ara ohun tó bá bù jẹ. Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni: asín kan wà ní Amẹ́ríkà lónìí tí itọ́ rẹ̀ lóró, tó lè mú kòkòrò rọ láìkú, kí ó lè jẹ ẹran tútù lọ́la. Ṣùgbọ́n asín òde òní kò ní kòtò bí ti Beremendia nínú eyín. Ní 2009, àwọn méjèèjì tún ṣàpèjúwe òmíràn tó ní irú eyín bẹ́ẹ̀, Dolinasorex glyphodon, láti Gran Dolina ní Atapuerca lẹ́bàá ìlú Burgos ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ti rí egungun àwọn èèyàn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Homo antecessor. Nǹkan bí 60 gíráàmù ni wọ́n fojú bù pé ó wọ̀n. Lójú wa èyí kò tó nǹkan. Lójú asín tó ń wọn gíráàmù márùn-ún tàbí mẹ́wàá, òmìrán ni.

Àwọn òmìrán olóró wọ̀nyí ni kò sí mọ́, àwọn asín kéékèèké tó bá wọn gbé inú igbó kan náà ló ṣẹ́kù. Èyí ló ń bá mi lọ́kàn jù nínú gbogbo ìtàn náà. Láti nǹkan bí 900,000 ọdún sẹ́yìn, ìgbà òtútù ńlá tó ń bo àríwá ayé ń gùn sí i, ó sì ń le sí i. Yìnyín ń wá, ó ń lọ, igbó ń di pápá, pápá ń di igbó. Asín ńlá nílò oúnjẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí kò móoru mọ́, èyí tó sì ti kọ́ eyín rẹ̀ fún oríṣi ẹran pàtó kan kò lè yí i padà ní ọdún díẹ̀. Èrò tèmi ni pé oró rẹ̀ kò wúlò fún un níbi tí ohun tí yóò bù jẹ kò ti sí. Àwọn kéékèèké, tí ekòló kan àti kòkòrò méjì tó fún lóòjọ́, rí ìwọ̀nba tí wọ́n fi la òtútù já. Nítorí náà, bàbá wa, àwọn tó tóbi nínú àwọn kékeré ló kọ́kọ́ lọ.

Ti erékùṣù yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bí 6 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà tí omi Àtìláńtíìkì ń gbà wọ Òkun Mẹditaréníà dí, oòrùn sì fa òkun náà gbẹ débi pé ẹranko lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tó jẹ́ erékùṣù Mallorca àti Menorca lónìí. Asín wà lára àwọn tó rìn débẹ̀. Ní 5.3 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi já wọlé padà, òkun kún, àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyẹn sì di ará erékùṣù láìfẹ́. Asín tó jáde láti ìran wọn ni Nesiotites, tí Dorothea Bate, obìnrin onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ lórúkọ ní 1944. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ DNA rẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2018, asín orí òkè Himalaya ló jẹ́ ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tó ṣì wà láàyè. Láàárín àwọn méjèèjì, gbogbo ìdílé tó so wọ́n pọ̀ ní Yúróòpù ti kú tán.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹranko afọ́mọlọ́mú mẹ́ta péré ló ń rìn lórí ilẹ̀ erékùṣù wọ̀nyẹn: asín yìí, ẹran kan tó jọ ewúrẹ́ tí ń jẹ́ Myotragus, àti Hypnomys, tó jọ eku. Kò sí ológbò igbó, kò sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Láti ojú ọ̀run nìkan ni ọ̀tá ti ń wá, òwìwí àti ẹyẹ idì. Ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ọdún tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì la gbogbo ìgbà òtútù tó pa Beremendia já. Ní nǹkan bí 4,300 ọdún sẹ́yìn, èèyàn gúnlẹ̀ sí Mallorca pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn àti àwọn eku tó bá wọn wọ ọkọ̀. Láàárín àkókò díẹ̀, ẹranko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Kò sẹ́ni tó dọdẹ asín, bàbá wa. Ta ni yóò jẹ ẹran tó ń rùn bẹ́ẹ̀? Àlejò tó ń jẹ oúnjẹ kan náà, tó ń gbé inú ihò kan náà, tó sì lè kó àrùn tí ará erékùṣù kò mọ̀ rí wá, ti tó fún ẹran tí kò lè fara da ebi wákàtí mélòó kan.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Erékùṣù Christmas, tó wà ní Òkun Íńdíà lábẹ́ ìjọba Ọsirélíà, ní asín tirẹ̀, Crocidura trichura. Eku dúdú bá ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1900. Ọdún 1985 ni wọ́n rí asín náà gbẹ̀yìn, méjì péré, ní 2025 sì ni àjọ àgbáyé tó ń kà àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn tó ti pa rẹ́. Ní ìdàkejì, asín Crocidura zimmermanni ṣì wà lórí àwọn òkè Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn, eku àti asín àjèjì ti dé bá a láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Òkè ló sá sí. Mallorca náà ní òkè, nítorí náà mi ò ní sọ pé òkè nìkan ló gbà á là.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ̀wé láti Miami. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ará wa Lùkùmí ní Kúbà, wọ́n mú wa wọ inú ihò àpáta kan, ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá sì sọ pé egungun asín ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ṣé àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ bá asín pàdé níbẹ̀ ni?

ÈSÌ: Àbúrò wa, asín gidi kò dé Kúbà rí, kò dé erékùṣù Kàríbíà kankan. Ohun tó ṣeé ṣe jù kí ẹ rí ni egungun Nesophontes, ẹran kòkòrò-ni-mò-ń-jẹ tó jọ asín, tí ìdílé rẹ̀ wà ní Kúbà, Puerto Rico àti erékùṣù tí Háítì àti Dominican Republic pín. Harold Anthony ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1916 láti inú egungun tó rí nínú ihò àpáta ní Puerto Rico, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Edith, sọ ẹran náà ní Nesophontes edithae. Lójú tèmi, ẹ̀bùn àjèjì ni láti fi ẹran òkú sọ orúkọ aya ẹni. Òwìwí ló kó egungun náà jọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé lókè. Inú irú ìṣù bẹ́ẹ̀, tó ti wà nínú ihò àpáta ní Dominican Republic fún nǹkan bí 750 ọdún, ni wọ́n ti yọ DNA rẹ̀ ní 2016, tó fi hàn pé ó ti yapa kúrò lára ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ láti ohun tó ju 40 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Àwọn Nesophontes ṣì wà láàyè láàárín 700 ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti 1492 kó eku dúdú wá, òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì dá lẹ́bi ìparun wọn. Àwọn baba wa dé Kúbà lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí náà kò dà bíi pé wọ́n bá a.

Ohun tí wọ́n lè bá ni ìbátan rẹ̀ náà, solenodon, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní almiquí. Ó tóbi tó òkété, imú rẹ̀ gùn, eyín iwájú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní kòtò tí oró ń gbà kọjá, irú èyí tí Beremendia ní. Ìgbà kan wà tí àwọn èèyàn rò pé òun náà ti pa rẹ́. Kò tíì pa rẹ́. Ó ṣì wà ní àwọn òkè ìlà oòrùn Kúbà, ó ń fi imú tú ewé gbígbẹ lóru. Bí ẹ bá tún lọ, apá ibẹ̀ ni kí ẹ béèrè rẹ̀.